Kò Sí Àǹtí Lórí Pápá

Ọjọ́ kẹta tí mo dé ibùdó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin orílẹ̀-èdè wa ni mo fi ọ̀wọ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọ ilé ara wa. Ẹsẹ̀ mi kò kan bọ́ọ̀lù náà rárá. Ẹnu mi ló gbá a wọlé.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà, èmi ni mo sì kéré jù nínú àwọn tí wọ́n pè wá dán wò. Kóòṣì pín wa sí ọ̀nà méjì, à ń bá ara wa gbá. Bọ́ọ̀lù kan ń yí bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ́dọ̀ aṣọ́lé wa, Àǹtí Kíkẹ́. Àǹtí Bísóyè, balógun ẹgbẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Kápítéènì, ń sáré bọ̀ láti gbá a dànù. Láti àárín pápá tí mo wà, mo rí i pé kò sí ọ̀tá kankan nítòsí, pé tó bá fi sílẹ̀, Àǹtí Kíkẹ́ á kàn bẹ̀rẹ̀, á gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Mo bá kígbe pé, "Àǹtí, ẹ fi sílẹ̀!"

Àǹtí ni àwọn méjèèjì jẹ́ sí mi. "Ẹ" tí mo sì lò, ọ̀wọ̀ ni mo fi lò ó fún ẹnì kan, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹni púpọ̀ náà ni. Àǹtí Bísóyè gbọ́, ó fi sílẹ̀. Àǹtí Kíkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, gbọ́, òun náà fi sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù kọjá láàárín wọn, ó lọ jókòó sínú àwọ̀n.

Kóòṣì fọn fèrè. Kì í ṣe Yorùbá, kò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ó yíjú sí Kápítéènì, ó ní, "Wetin this girl talk?" Àǹtí Bísóyè ṣàlàyé fún un bí "ẹ" ṣe ń ṣiṣẹ́ méjì lẹ́nu wa. Àwọn tó kù ti ń fi ẹ̀rín yí nínú koríko. Kóòṣì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó fi pijin sọ fún mi pé, "Ojú rẹ dára. Ojú yẹn ló gbé ọ dé ibí. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ fẹ́ dá ọ padà sílé. Orúkọ ènìyàn, àti ohun tó yẹ kó ṣe. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Sátidé ni màá ka orúkọ àwọn tó máa dúró."

Ọjọ́rú lọ́jọ́ náà.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún ẹni tí kì í wo bọ́ọ̀lù. Àárín ni mò ń gbá, lẹ́yìn àwọn tó ń wá góòlù. Àwọn kan ń sáré, àwọn kan ń dènà, iṣẹ́ tèmi ni kí n rí àyè kí àyè náà tó ṣí, kí n sì ju bọ́ọ̀lù síbẹ̀. Ẹni tó bá dúró títí bọ́ọ̀lù fi dé ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wo ẹ̀yìn, ó ti pẹ́. Kóòṣì Yẹ́misí, obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ lórí pápá oníyanrìn kan ní Ìṣọlọ̀, kì í kọ́ni ní nǹkan mìíràn fún oṣù méjì àkọ́kọ́. "Wo èjìká ọ̀tún. Wo tòsì. Ta ló wà lẹ́yìn rẹ?" Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, wàá sáré yípo pápá.

Nígbà tó gbọ́ pé ọjà Bọ́ládé ni bàbá mi ti ń ta bàtà, inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n máa lo ibẹ̀ kọ́ṣẹ́. Lójoojúmọ́ tí mo bá ń gbé oúnjẹ lọ fún bàbá mi, n kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta láì wo ẹ̀yìn. Ẹni tó mọ Bọ́ládé mọ̀ pé kì í ṣe eré. Àwọn ọlọ́mọlanke ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù tó ga ju orí wọn lọ, wọn kì í lè dúró lójijì, bí o bá sì gbàgbé ara rẹ, wọ́n á gbá ọ. Díẹ̀díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ẹni tó fẹ́ yà àti ẹni tó fẹ́ dúró, kí àwọn fúnra wọn tó mọ̀. Títí di òní, bí mo bá wọ pápá, Bọ́ládé ni mò ń rí, àfi pé koríko wà níbẹ̀.

Ojú ni mo rí kọ́ nìyẹn. Ti ẹnu ni kò rọrùn, nítorí bàbá mi ló kọ́ mi ní ti ẹnu. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni bàbá mi, bó sì ṣe wà ní Èkó tó ọgbọ̀n ọdún, kò sí ohun tí Èkó yí padà lára rẹ̀. "Ọmọdé tó mọ ọwọ́ wẹ̀ ni yóò bá àgbà jẹun" kì í ṣe òwe lẹ́nu rẹ̀, òfin ilé ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ó gbọ́ tí mo pe Sùlíátù, ọmọ yàrá kejì nílé tí a háyà ní Òkè-Àfà, lórúkọ lásán. Oṣù mẹ́rin péré ni Sùlíátù fi jù mí lọ. Bàbá mi ní kí n kúnlẹ̀. Ó ní oṣù mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin. Sùlíátù fúnra rẹ̀ ló wá bá mi bẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí a bá tilẹ̀ ń jà, ohun tí mò ń sọ ni pé, "Àǹtí Sùlíátù, orí yín ò pé."

Ọmọ tí wọ́n tọ́ báyìí ni kóòṣì ní kó pe Kápítéènì lórúkọ.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú yẹn, mo pe bàbá mi lórí fóònù. Mò ń gbọ́ ariwo Bọ́ládé lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kúùrọ̀lẹ́ sà. Wọ́n ní kí n máa pe àgbà lórúkọ."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Kóòṣì wa ni sà. Kápítéènì wa ni wọ́n ní kí n máa pè lórúkọ. Ó fi ọdún mẹ́tàlá jù mí lọ, ó ti bí ọmọ méjì. Bí mi ò bá lè ṣe é, wọ́n máa dá mi padà."

Mo gbọ́ tó ní kí oníbàárà kan dúró ná.

"Múínátù," ó ní, "bí ọmọlanke bá ń bọ̀ lẹ́yìn Alhájì kan níbí, kí ni ẹni tó ń tì í máa ń sọ?"

"Àgò."

"Kì í kọ́kọ́ kí Alhájì?"

"Rárá sà."

"Ṣé Alhájì máa ń bínú?"

"Á kàn yà ni."

"Ẹni tí kò jẹ́ kí ọmọlanke gbá àgbà, ó ti bọ̀wọ̀ fún un. Pè é lórúkọ. Ṣùgbọ́n bí fèrè bá ti dún, kí o lọ kúnlẹ̀ fún un. Ní gbogbo ìgbà. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́ sà."

Mo sunkún lẹ́yìn tí ó pa fóònù. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó lẹ́nu bàbá mi, ó sì gbé e nítorí mi.

Lọ́jọ́ Alámìísì, mo lọ sí ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi kó máa dà, mo wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Bísóyè." Mo wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan gbọ́. Mo tún un sọ títí ó fi dà bíi pé mo ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a dé pápá, "Àǹtí Bí..." ni mo ṣì sọ, wọ́n sì gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kí n tó parí orúkọ. Kóòṣì ní kí n lọ jókòó. Mo jókòó títí ilẹ̀ fi ń ṣú, mo ń ro bí mo ṣe máa di ẹrù mi.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìdánwò ìkẹyìn. Òjò ti rọ̀, pápá kún fún ẹrọ̀fọ̀. Ó ku bí ogún ìṣẹ́jú kí eré parí nígbà tí kóòṣì nawọ́ sí mi pé kí n wọlé. Láìpẹ́, bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ Àǹtí Bísóyè nítòsí ilé wa. Òsì ló ń wò. Láti ọ̀tún, lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ọmọbìnrin gíga kan nínú àwọn tí à ń bá gbá ti ń já bọ̀, Àǹtí kò sì rí i. Ọmọlanke ni mo rí, àti ẹrù tó ga, àti àgbà tí kò mọ ohun tó ń bọ̀.

"Bísóyè! Ẹ̀yìn! Gbé e wá!"

Kò wo ojú ẹni tó pè é. Ó kàn ta á sí mi, ọmọbìnrin náà sì gbá afẹ́fẹ́. Èmi ti wo èjìká méjèèjì tipẹ́. Àyè kan wà láàárín àwọn tó ń dènà fún wọn tí kò fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ bàbá mi lọ. Mo ju bọ́ọ̀lù síbẹ̀, ẹni tó wà níwájú kò ṣe ju kó fẹsẹ̀ kàn án. Góòlù. Láti ìgbà náà ẹnu mi là. Bísóyè, dúró. Kíkẹ́, jáde. Mò ń pè wọ́n bí ẹni tó bí wọn.

Bí fèrè ṣe dún, mo sáré lọ kúnlẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀ níwájú rẹ̀. "Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Mo pè yín lórúkọ."

Mo rò pé inú ń bí i.

"Kápítéènì ni wọ́n ń pè mí níbí," ó ní. "Nílé, Mọ́mì Ìbùkún. Ládùúgbò, Àǹtí. Ìyá mi nìkan ló ń pè mí ní Bísóyè. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ṣaláìsí." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Tún un pè."

"Àǹtí, mi ò lè pè é mọ́. Fèrè ti dún."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó tì mí nínú ẹrọ̀fọ̀. Àǹtí Kíkẹ́ ké sí wa láti ẹnu ilé pé, "Kí lẹ̀ ń wá nílẹ̀ yẹn?"

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ka orúkọ. Tèmi wà níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, ó ní kí n dúró. Ó lọ sọ fún ìsọ̀ ọ̀tún, ó lọ sọ fún ìsọ̀ òsì, ó sì gbàgbé pé mo ṣì wà lórí fóònù. Mo dúró, mò ń gbọ́ ọ tó ń sọ orúkọ mi káàkiri Bọ́ládé.

Ọdún mẹ́fà ni èmi àti Àǹtí Bísóyè jọ gbá. Mo pè é lórúkọ láìmọye ìgbà, mo sì kúnlẹ̀ níye ìgbà tí fèrè dún. Àwọn ọmọ tuntun tó ń dé báyìí ń pè mí ní Àǹtí Múínátù, mo sì máa ń sọ fún wọn pé kò sí àǹtí lórí pápá. Àwọn tí ẹnu wọn bá wúwo, mo máa ń fi ilé ìwẹ̀ hàn wọ́n.

Ní ọdún tó kọjá, Èkó ni Àǹtí Bísóyè ti gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn rẹ̀. Bàbá mi wà níbẹ̀, ó wọ fìlà tó fi ń lọ sí Jímọ́ọ̀. Fèrè dún, a kí ara wa, Àǹtí Bísóyè sì ń dá lọ sí ẹnu ọ̀nà àbájáde, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Lójijì ó dà bíi pé mi ò ní rí i mọ́ láyé.

"Bísóyè!"

Eré ti tán. Kò sí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró, ó yíjú padà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè láti ẹ̀yìnkùlé. Mo sáré lọ bá a, mo kúnlẹ̀. Ó gbá orí mi mọ́ ikùn rẹ̀.

Bàbá mi àti èmi jọ wọ ọkọ̀ lọ sílé. A ti kọjá Ìṣọlọ̀, a ti ń wọ Òkè-Àfà, kó tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ. O pe àgbà lórúkọ lẹ́yìn tí fèrè dún."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Ṣé o kúnlẹ̀?"

"Mo kúnlẹ̀ sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Mo rí ojú obìnrin yẹn nígbà tó yí padà."