Aṣọ Funfun Inú Fọ́tò

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bẹ àwọn alájọ, wọ́n gbé owó fún un ṣáájú àsìkò, kí n lè lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́kọ́ja. Yàrá ní àdúgbò Kabawa ni owó wa ká, ṣùgbọ́n ojú ayé gbé mi lọ sí Crusher, níbi tí owó ilé ti wọ́n. Owó aṣọ funfun tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ń wọ̀ bá owó ilé lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi pè. “Ọ̀kun o, nọ́ọ̀sì mi! Fi fọ́tò ránṣẹ́, kí àwọn alájọ rí ẹ.”

Mo yá aṣọ ọ̀rẹ́ mi, mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́, mo dá aṣọ padà. Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ lé mi síta torí pé n kò wọ aṣọ funfun. Ẹ̀yìn fèrèsé kíláàsì ni mo wà, inú ń bí mi sí ara mi, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tún pè.

“Àwọn alájọ ní aṣọ náà bá ẹ mu gan-an!”

Mo ní kó bá mi kí wọn.