Ọjọ́ tí Mo Ka Àwọn Ọmọ Ìyá Mi

Òórùn ẹmu ni mo jí bá láàárọ̀ ọjọ́ náà, nílé wa ní Ìlọ́fà. Ìyá mi ń fi ẹmu pa Dáre, àbíkẹ́yìn wa, lára, nítorí èéyi ti bò ó látorí dẹ́sẹ̀. Gbogbo ilé ń káàánú rẹ̀. Èmi nìkan ló dá lójú pé èmi ni mo fà á.

Ọdún tí ilé-ìwé di ọ̀fẹ́ ni. Kíláàsì kìíní ni mo wà, Tísà sì ní ká kó igi ìṣirò wá, ká máa dì í ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, ká sì máa ka ohun gbogbo tí a bá rí nílé. Èmi tí ìdí mi kì í gbélẹ̀ tẹ́lẹ̀, kíkà wá gùn mí. Mo ka ewúrẹ́, mo ka òpó, mo ka ebè bàbá mi títí ó fi lé mi kúrò lóko. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń na ìka sí àwọn ọmọ ìyá mi lórí ẹní: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Dáre ni mo kà gbẹ̀yìn. Iye tó jẹ́, n ò ní sọ ọ́ níhìn-ín.

Ìyá Àgbà tó ń ṣa ẹ̀wà gbọ́ mi. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," ló wí. "Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ." Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ara Dáre gbóná.

N ò lè jókòó, n ò lè jẹun. Mo wá rántí pé igi ìṣirò tí a bá dì, a máa ń tú u. Mo lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wá sẹ́yìn, kí n lè tú ohun tí mo dì. Mo dé ẹẹ́ta, mo dé eéjì. Mo dé oókan. Òfo ló kàn. Bí mo bá pè é, ta ni yóò kù nílé wa? Mo fọwọ́ bo ẹnu, mo bú sẹ́kún.

Ibẹ̀ ni ìyá mi ti bá mi, mo sì rò ó fún un. Kò nà mí. Ó fà mí wọlé, ó ní, "Gbọ́ bí mo ṣe ń ka tèmi." Ó ń pe orúkọ wa láti orí àkọ́bí, bó ṣe máa ń ṣe nírọ̀lẹ́, a sì ń jẹ́ ẹ. Nígbà tó kan Dáre, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá mi dúró. Kò kúrò níbẹ̀. Ó pẹ́ kí ohùn tín-ín-rín kan tó wá láti orí ẹní pé, "Mà."

Dáre ti di baba ọlọ́mọ báyìí. Èmi náà di tísà ọmọ kéékèèké. Mo ń ka òǹkà síwájú, mo ń kà á sẹ́yìn, títí dé òfo, ẹ̀rù kì í bà mí. Ṣùgbọ́n ara mi ò tíì balẹ̀. Àwọn ọmọ tèmi ti fọ́n ká ìlú ńlá, bí ẹnìkan bá sì bi mí pé mélòó ni wọ́n, ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo máa ń dá sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, mo máa ń pe orúkọ wọn ní pálọ̀ tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, mo sì máa ń dúró díẹ̀ kí n tó pe ẹni tó kàn.