Ẹ́ńjìnnì Tuntun Kì í Gbẹ́rù

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Apple Junction wò mí lójú, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹ̀rọ yìí sọnù. Ó ti darúgbó."

Mo ní, "Ta lò ń bá wí, èmi àbí ẹ̀rọ?"

Ìwé mẹ́fà ni wọ́n ní kí n kà, mi ò kà á dópin, àmọ́ ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tún ẹ́ńjìnnì lọ́rì ṣe ní Mazamaza. Lọ́rì kan wà tí mo tún ṣe débi pé, nígbà tí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ pa á ní Mile 2, ó ṣì ń dá sáré lọ títí tó fi dé Badagry. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi lọ́rì náà. Kí wá ni ti àpótí kékeré tó ní òun darúgbó mọ́ mi lọ́wọ́?

Kì í ṣe fáàrí ló gbé mi débẹ̀. Ọmọbìnrin wa tó wà lókè òkun ló fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ fún wa nínú fúláàtì wa ní Festac. Ó wá fi àwo fídíò kan ránṣẹ́: ọmọ-ọmọ wa àkọ́kọ́, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rìn. Ìyàwó mi ti tọrọ físà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àwo yẹn nìkan ló sì kù tó lè fi rí ọmọ náà. Tẹlifíṣọ̀n ò mọ̀ ọ́n kà, àfi kọ̀ǹpútà. Bí a bá sì ti fi í síbẹ̀, ọmọ á gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, àwòrán á gan, ẹsẹ̀ á dúró sínú afẹ́fẹ́. Nígbà tó bá fi máa mira, ọmọ ti jókòó. A ò rí ibi tó ti gbẹ́sẹ̀ lélẹ̀ rí. Ìyàwó mi á ní, "Ẹsẹ̀ á ti máa ro ọmọ yìí o."

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà rí i pé n kò kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù òun, ó ta nǹkan méjì fún mi, tókunbọ̀ méjèèjì: prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ tí kọ̀ǹpútà fi ń ronú, tí kò ju bisikíìtì kan lọ, àti káàdì gíráfíìsì, tó ń ya àwòrán sójú rẹ̀. Ó ní òun á bá mi fi wọ́n sí i.

Mo ní, "Mẹkáníìkì kì í gbé mọ́tò rẹ̀ fún mẹkáníìkì."

Mo tú u palẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun. Eruku inú rẹ̀ tó gbin àgbàdo. Aláǹgbá méjì jáde, ọ̀kan lóyún. Mo yọ ọpọlọ àtijọ́, mo fi tuntun síbẹ̀, kò wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ irin wẹ́wẹ́ abẹ́ rẹ̀ ti wọ́, ẹsẹ̀ tó tínrín ju irun imú lọ. Mo fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ ìyàwó mi tọ́ ọ, mi ò mí títí tó fi dúró ṣánṣán. Ó wọlé. Mo fi ọ̀rá funfun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fún mi, kó má bàa gbóná jù, pa á lórí, mo de fáànù rẹ̀ mọ́ ọn, mo ti káàdì bọ ojú ihò tirẹ̀. Mo tan án. Ó gbéra, kò tilẹ̀ wúkọ́.

Ìyàwó mi ti mú àwo dání. "Ó yá, ẹ fi í sí i."

"Rárá."

"Rárá kẹ̀?"

"Ẹ́ńjìnnì tuntun kì í gbẹ́rù. Ọjọ́ méje la fi ń rọ́nìn rẹ̀: kò ní sáré, kò ní rẹrù, títí irin á fi mọ irin. Bí o bá gbé ọmọ lé e lórí lónìí, á nọ́ọ̀kì."

Eré káàdì wẹ́wẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ni mo ń fi í ṣe láàárọ̀, lọ́sàn-án, mo ń fọwọ́ kàn án lára bóyá ó gbóná. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyàwó mi wọ bàtà, ó gba Apple Junction lọ. Ó padà dé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ó ní kò sí rọ́nìn nínú kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n bá òun kí mẹkáníìkì."

"Kí ló mọ̀? Ṣé ó ti tún lọ́rì ṣe rí?"

"Bàbá, ẹ ti fi ọgbọ̀n ọdún kẹ́ lọ́rì. Ẹ dìde lórí àga yẹn."

Mo dìde. Ẹ̀rù ò bà mí o. Mo kàn fẹ́ wà nítòsí sókẹ́ẹ̀tì, kí n lè tètè pa á bó bá nọ́ọ̀kì ni. Àwo yí. Ọmọ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Mo gbọ́wọ́ lé sókẹ́ẹ̀tì.

Ẹsẹ̀ balẹ̀.

Ó gbé òsì. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa tòun ti itọ́ lẹ́nu. Ìyàwó mi na ọwọ́ méjèèjì sí ojú gíláàsì bí ẹni tó fẹ́ gbé e. "Rọra, bàbá mi, rọra."

Ó ti pẹ́ báyìí. Kọ̀ǹpútà náà ṣì ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ tuntun tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ń tà ti di ilé aláǹgbá. Ìyàwó mi ní orí ló yọ mí. Èmi ní ọjọ́ mẹ́rin rọ́nìn ni. Ká ní ó jẹ́ kó pé méje ni, ọmọ yẹn ì bá ti rìn jáde sí pálọ̀ wa.