Ketill Tó Ń Bá Oòrùn Dúnàádúrà

Bí ẹ bá dé Kaldavik tí ẹ dárúkọ Ketill, ọ̀rọ̀ pankéèkì ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bù mọ́ ọn o. Èmi wà níbẹ̀, mẹ́rin ni mo jẹ.

Lábúlé wa, oòrùn máa ń fi wá sílẹ̀ láàárín oṣù kọkànlá, kì í sì í padà títí oṣù kìíní á fi fẹ́ parí. Òkè Kambur ló dí i lọ́nà. Lọ́sàn-án, ojú ọ̀run a là díẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta bí ìdájí, kó tó tún ṣú. Ọjọ́ tí oòrùn bá wá yọ lórí òkè tó sì kan fèrèsé rẹ, o gbọ́dọ̀ din pankéèkì, kí o se kọfí, kí o sì ṣílẹ̀kùn fún àdúgbò. Kọfí oòrùn là ń pè é. Ilé Markús ni oòrùn máa ń kọ́kọ́ kàn, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kìíní. Ti Ketill wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n èjìká òkè bò ó, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ti Markús ni tiẹ̀ ń dé. Ogójì ọdún ni ọjọ́ mẹ́ta yẹn fi ń dun ọkùnrin náà wọra.

Lọ́dún kan, nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí oòrùn dé, ìmọ́lẹ̀ ńlá wọ ilé ìdáná Ketill lágogo mọ́kànlá àárọ̀. Kò yọjú wo ìta rárá. Ó gbé páànù kaná, ó ní kí ìyàwó òun máa kan ilẹ̀kùn kiri. Nígbà tí a fi máa dé, pankéèkì ti kún àwo méjì. Markús ló dé gbẹ̀yìn. Ó lọ sídìí fèrèsé, ó wòta, ó ní, "Ketill, ọkọ̀ tó ń gbá yìnyín nìyẹn." Òótọ́ ni. Ọkọ̀ náà ti rì sínú yìnyín níbi kọ́nà ọ̀nà òkè, iná rẹ̀ méjèèjì sì dojú kọ ilé Ketill.

Ẹlòmíì á ti wá ibi fojú pamọ́ sí. Ketill bu kọfí fún Markús. Ó bi í bóyá ìmọ́lẹ̀ wọlé àbí kò wọlé. Markús ní ó wọlé. Ó bi í bóyá láti orí òkè ló ti wá àbí láti inú òkun. Markús ní láti orí òkè ni, àmọ́. Ketill ní kò sí àmọ́ nínú kọfí oòrùn, kó jókòó kó jẹun. Nígbà tí awakọ̀ náà fẹsẹ̀ rìn wá tọrọ ṣọ́bìrì, àga tó dáa jù nílé ni wọ́n fún un, torí Ketill ní òun ló gbé oòrùn wá.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Kò sí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún un tó ń gbà. Oníṣègùn eyín ní eyín méjì gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ná an títí ó fi di ọ̀kan. Oṣù tó tẹ̀lé e, ó padà lọ fún ìkejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú gọ̀ngọ̀, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tuntun ni. Àlùfáà Hjalti, tó ń wá wàásù fún wa láti òdìkejì òkè, kì í gun àga ìwàásù láì jẹ́ pé òun àti Ketill ti fẹnu kò lẹ́nu ọ̀nà lórí bí ìwàásù á ṣe gùn tó. Gbogbo ìjọ ló ń jàǹfààní rẹ̀. A kàn ń ṣe bí ẹni pé ìwà náà kò dáa ni.

Ó yá, kí n sọ èyí tí kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Ketill ní ọmọ kan ṣoṣo, Salóme, tó ń gbé ní olú ìlú. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, oṣù kejìlá ni a sin ín, Salóme sì padà sílùú lọ́jọ́ kejì. Òkùnkùn bá a níbẹ̀ lóun nìkan. Ó fa kọ́tìnì, kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́, kò gbé fóònù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ketill wá ọkọ̀ lọ bá a. Kò ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin náà bá jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú àpò panla, ó ń gba ihò lẹ́tà ara ilẹ̀kùn bá a dúnàádúrà. Ó ní tí kò bá lè ṣílẹ̀kùn, kó ṣáà gba panla kan láti ojú ihò. Salóme gbà á. Ketill ní kó wá ṣí i níwọ̀n ìka kan kí òun lè gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ kejì ni Ketill tó wọlé. Salóme fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa nígbà tó yá, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ketill tó jókòó síbẹ̀ kò rẹ́rìn-ín rárá.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí àìsàn gbé òun náà dè, tí dókítà ní kò ní rí oṣù kìíní, ikú kọ́ ló ń dà á láàmú. Salóme ti wálé wá tọ́jú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó jáde lọ ra oògùn, Ketill ránṣẹ́ pè wá: Markús, Petrína arúgbó tó ń gbé lẹ́yìn ilé rẹ̀, àti èmi tí ilé mi kọjú sí tiwọn. Ó ní tí a bá sin òun nínú oṣù kejìlá, ọmọ òun á padà sílùú, òkùnkùn á tún mú un mọ́lé, kò sì ní sí ẹni tó máa lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ní òun máa mú kó ṣèlérí pé inú oòrùn ni á ti sin òun, pé kò ní ṣe é títí oòrùn á fi padà dé, kó lè ní ohun tó ń dúró dè, kó sì dúró dè é láàárín wa.

A wo ara wa lójú. Itẹ́ òkú wa wà lábẹ́ Kambur gan-an. Oòrùn kì í débẹ̀ títí oṣù kejì á fi máa parí. Ẹni tó bá ti gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ rí mọ̀, Ketill sì mọ̀ ju gbogbo wa lọ. Salóme ni kò mọ̀, torí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti fi ilé sílẹ̀. Ketill ní kí a má sọ fún un. Ó wá pín ọjọ́ fún wa. Markús gba Ajé àti Ọjọ́rú, Petrína gba Ìṣẹ́gun àti Àbámẹ́ta, èmi gba Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, ọjọ́ Àìkú sì jẹ́ ti ẹni tó bá ráyè. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn Salóme lójoojúmọ́, kò sì gbọdọ̀ mọ̀ pé a pín in.

Ti Àlùfáà Hjalti ló le jù. Ó ní òun ò tíì dá òkú dúró fún ọ̀sẹ̀ méje rí, àfi tí yìnyín bá dí ọ̀nà. Ketill, tí kò lè dìde jókòó mọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún Àjíǹde, ó ń já a bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní, ọjọ́ tí oòrùn ń kan fèrèsé rẹ̀, ni wọ́n parí ẹ̀ sí. Àlùfáà jáde síta, ó ń nu iwájú orí. Ketill kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá, a sì gbé e sí ilé kékeré tútù ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Òkùnkùn kò dáa fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Àga bàbá ẹ wà níbẹ̀, awò ojú rẹ̀ wà lórí tábìlì, kò sì sí ọ̀sán gidi kan tó máa wá sọ fún ẹ pé àná ti lọ. Salóme ń jókòó sílé ìdáná láì tan iná. Ó máa ń gbé ife méjì kalẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun ṣì ń gbọ́ ikọ́ bàbá òun láàárọ̀, pé òun á ti dìde kí òun tó rántí.

Markús ń lọ yá ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ló ní nílé. Èmi ò mọ irọ́ pa, ìjà ni mo ń bá lọ. Mo máa ń sọ fún un pé yìnyín iwájú ilé rẹ̀ ń dójú ti gbogbo àdúgbò, pé lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ mi bá yẹ̀, òun ló máa máa pọn mí kiri. Inú á bí i, á gbé ṣọ́bìrì, á jáde wá kó o. Èmi á dúró tì í, màá máa nàka síbi tí kò kó dáadáa. Ẹni tínú ṣì ń bí, nǹkan ò tíì bà jẹ́ fún un tán.

Àmọ́ nínú oṣù kìíní, lọ́jọ́ Ajé kan, Markús kan ilẹ̀kùn títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Kọ́tìnì wà ní fífà. Ó sáré wá bá mi. A kàn án papọ̀, Salóme pariwo láti inú pé kí a fi òun sílẹ̀. Ó kéré tán, ó pariwo. Lọ́jọ́ kejì, Petrína gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, torí ilẹ̀kùn ibẹ̀ kì í tì. Ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù òtútù bàbá rẹ̀ sọ́rùn. Petrína kò tan iná, kò bá a wí. Ó fa àga, ó mú ìbọ̀sẹ̀ tó ń hun jáde, ó ń hun ún nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, Salóme bi í pé kí ló wá ṣe. Ó ní òun wá jókòó ni.

Nígbà tó yá ni màmá náà ní, "Ṣé o mọ̀ pé èmi ni bàbá ẹ kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́?"

Salóme kò mọ̀. Àwa náà kò mọ̀. Petrína ní Ketill ní kí àwọn méjèèjì fẹ́ra, òun kọ̀. Ketill ní kó jẹ́ àdéhùn ìgbéyàwó lásán nígbà náà, fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan, òun kọ̀. Ó ní ó dáa, ijó kan péré. Òun gbà, ṣùgbọ́n ó tẹ òun lẹ́sẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ìdajì ijó ni òun fà á lé ọ̀rẹ́ òun lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ náà sì ni ìyá Salóme. Petrína ní títí ọjọ́ tí Ketill fi dolóògbé, kò dẹ́kun àtimáa bi òun pé ìgbà wo ni àwọn máa parí ijó náà. Salóme rẹ́rìn-ín. Petrína ní ẹ̀rín náà kò dún dáadáa, àmọ́ ẹ̀rín ni. Ó wá ní kó dìde bá òun tan iná, òwú ti bọ́ lójú abẹ́rẹ́.

Báyìí la ṣe ń fa ọjọ́ lọ, títí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n fi pé. Ọjọ́rú ni. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Àlùfáà Hjalti dé, ó ní kí a ṣe é kíá kí yìnyín tó dí ọ̀nà òkè. A gbé Ketill jáde, a gbé e lọ síbi tí ìyàwó rẹ̀ wà. Salóme dúró létí ibojì, ojú rẹ̀ ń wo òkè. Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo kan lù, oòrùn yọ. Ó kan òrùlé Markús, ó kan fèrèsé Ketill, gíláàsì náà ń tàn yanran lọ́ọ̀ọ́kán. Salóme wò ó. Ó wá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Òjìji Kambur ló wà níbẹ̀, kò sì kúrò.

"Ìgbà wo ló máa ń dé ibí?" ó bèèrè.

Ó kọjú sí Petrína.

"Ìparí oṣù kejì, ọmọ mi."

"Bàbá mi sì mọ̀."

"Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbẹ́ ibojì ìyá ẹ. Ó mọ̀."

"Ẹ̀yin náà mọ̀."

"A mọ̀," ni Petrína wí.

Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí i tó ń rò ó pọ̀: ìpọnbẹ̀, yìnyín iwájú ilé, ìbọ̀sẹ̀ híhun. Ojú tì mí, ojú kì í sì í tì mí bọ̀rọ̀. Ó ní ṣé láti oṣù kejìlá la ti ń tan òun jẹ. Markús, tí kò gbèjà Ketill rí láyé rẹ̀, ṣí fìlà.

"Salóme, mo fẹ́ ná an o," ó ní. "Mo ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ti tó mi. Kò bá mi ná an. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní òun bẹ̀ mí. Láti ogójì ọdún tí mo ti mọ bàbá ẹ, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí."

Ẹ̀rín ni Salóme fẹ́ rín. Ó dé àárín, ó di ẹkún. Látìgbà tí Ketill ti kú, kò sunkún lójú wa rí. Petrína gbá a mọ́ra, kò sì sí ẹni tó ní kó dákẹ́. Àlùfáà Hjalti pàápàá gbàgbé ọ̀nà. Ó sún mọ́ ọn, ó ní tó bá fẹ́, òun á padà wá nígbà tí oòrùn bá dé ibojì, òun ò ní jiyàn. Salóme nu ojú.

"Rárá, sà," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi."

Òun àti Markús ló di okùn pósí mú níhà orí, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Nígbà tí a fi dé ilé, oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé. Salóme tan iná, ó din pankéèkì. Àwọn àkọ́kọ́ jóná, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Markús bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọkọ̀ tó ń gbá yìnyín, ó ń bù mọ́ ọn, Salóme sì ń tọ́ ọ sọ́nà. A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí mo dìde tí mò ń wé aṣọ mọ́rùn láti máa lọ, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ìta ni ojú rẹ̀ ń wò, kò wò mí.

"Ọjọ́ ta ni ọ̀la?"

Mo ní tèmi ni.

"Ẹ tètè dé o," ó ní.