Olórin Tí Kò Fi CD Kọrin

Àwọn tó hó lé olórin yẹn lórí ní Boundary, etí wọn ni kò dáa. Mo wà níbẹ̀. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó di gbajúmọ̀ ni, ó padà wá ṣeré fún wa, ó sì kọ̀ kí wọ́n tẹ CD, bí àwọn olórin ìwòyí ti ń ṣe, tí wọ́n á kàn máa la ẹnu lásán. Àgbà ti dé sí i, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, nítorí náà ó fi ibi tó ga nínú orin sílẹ̀ fún àwọn elégbè. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wa.

“Oga, play CD jare! No be so e dey sound!”

Òpònú gbogbo. Wọ́n fẹ́ kí èèyàn ẹlẹ́ran ara dún bíi fóònù wọn. Wọ́n ń ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, wọ́n ń fi fóònù ya fídíò, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi gbè é dópin, kò ṣi ibì kan.

Nígbà tó délé, ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí: “Bí wọ́n bá rí fídíò yẹn níbi iṣẹ́ rẹ, má jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín lójú rẹ.”

Wharf Road ni mo ti ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté. Ní ọjọ́ Ajé, fídíò náà ti wà lórí fóònù gbogbo ọ́fíìsì. Mo sọ̀rọ̀ sí wọn. Mo ní ẹnu dùn-ún rò’fọ́, pé kò sí ẹni tó lè kọ orin ìjọsìn dé ìlà kẹta láìwo ìwé nínú gbogbo wọn. Wọ́n ti fóònù wọn bọ àpò, inú mi sì dùn.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá wa wọlé, dírẹ́bà tó gbé e wá láti GRA ń gbé báàgì tẹ̀ lé e. Ó ti gbọ́ ohùn mi láti ẹnu ọ̀nà, ó na fóònù sí mi.

“Ìwọ agbẹjọ́rò olórin, wo obìnrin yìí, ó ń la ẹnu bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lódò! Ṣé o mọ̀ ọ́n?”

“Rárá, sà. Mi ò mọ̀ ọ́n rí.”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi bi mí bóyá wọ́n rí fídíò náà. Mo ní wọ́n rí i.

“Kí lo wá sọ?”

“Mo gbèjà yín gan-an ni.”

Ó súre fún mi, ó sì fi ẹran kan kún oúnjẹ mi. Mo jẹ ẹ́ tán.