Bí A Ṣe Bó Ẹ̀gúsí Tẹ̀ Lé Bàbá Dúpẹ́ Dé Ìgbàrà-Odò

Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn bí wọ́n ṣe ní kí èmi, tíṣà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, panu mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko!

Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró nígbà náà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin kan ní Èmùré, iṣẹ́ wa ò sì ju kí ọkọ yé lu ìyàwó lọ. Bí ọkùnrin kan bá na ìyàwó rẹ̀, a ò ní bú u, a ò ní pe ọlọ́pàá. Ẹ̀gúsí la máa gbé! Gbogbo wa á lọ jókòó síwájú rẹ̀, a ó máa bó ẹ̀gúsí, ibi tó bá lọ la ó bá a lọ, títí yóò fi bẹ ìyàwó rẹ̀ níṣojú ẹbí. Bí ẹnì kan nínú wa bá lanu sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n níwájú rẹ̀, ó parí, ká máa lọ sílé.

Bàbá Dúpẹ́, òṣìṣẹ́ káńsù, lu ìyàwó rẹ̀ títí apá obìnrin náà fi yẹ̀. Aránṣọ ni o! Apá wo ni yóò fi yí ẹ̀rọ? Ó sunkún sí wa lọ́rùn pé bí èyí ò bá ṣiṣẹ́, òun ò mọ ibi tóun tún máa sá lọ.

Ìsinmi ilé-ìwé ni, mo ráyè dáadáa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwa mẹ́wàá kún pálọ̀ rẹ̀. Ó ń fi wá rẹ́rìn-ín. Ó wá kọjú sí mi, ó ní òun rí orúkọ mi nínú lísìtì àwọn tíṣà tí wọ́n fẹ́ gbé kúrò nílùú. Yéè! Ìlú wo? Mo yáa ki ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀gúsí bọ ẹnu, tèèpo-tèèpo, kí ìbéèrè náà má bàa jáde.

Lọ́jọ́ kejì, ó sá lọ sí ọ́fíìsì, níbi tí àwọn mẹ́ta ti ń pín tábìlì kan. A kún ibẹ̀. Bàbá kan tó ń kọjá yọjú, ó bi wá léèrè ohun tí wọ́n ń pín. Ta ló máa dáhùn níwájú Bàbá Dúpẹ́? Ni bàbá bá fi fìlà rẹ̀ gba àyè sílẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ìlà ti dé géètì, ẹnì kan ti ń kọ nọ́ńbà fún èèyàn, àwọn kan sì ń bá wa bó ẹ̀gúsí kí tiwọn lè tètè kàn! Ọ̀gá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ yanjú ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ó wọ takisí ní gáréèjì, a gbọ́ tó ní ọ̀dọ̀ ìyá òun ní Ìgbàrà-Odò lòun ń lọ. Ṣùgbọ́n takisí tirẹ̀ ní láti dúró kí èrò kún. Àwa? Àwa fúnra wa ti kún méjì! A ṣíwájú rẹ̀ débẹ̀.

Òfin wa ò de ìyá rẹ̀, nítorí náà Màmá Díákónì, olórí wa, ṣàlàyé fún un. Ìyá àgbà lọ gbé àwo, ó jókòó sáàárín wa.

Ìgbà tí Bàbá Dúpẹ́ dé, tó rí ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀gúsí, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá gbójú sókè.

“Àbá rẹ, ọkọ mi, lù mí nínú ulé yìí títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Ọwọ́ mi tí mo ní mo ṣubú, mi ò ṣubú. Kò sẹ́ni tó wá bá mi jókòó rí.”

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ọwọ́ kan ló fi ń bó ẹ̀gúsí. Mo sunkún, kí n má purọ́. Bàbá Dúpẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó mú ẹyọ kan, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó fún ara rẹ̀ mọ́ wa nínú takisí, ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyàwó rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bá wa wá pẹ̀lú àwo rẹ̀, kò sì padà sí Ìgbàrà-Odò mọ́. Ó ní òun ń ṣọ́ apá aránṣọ. Apá náà jinná, ọkọ ò sì tún fọwọ́ kàn án mọ́. Lísìtì tíṣà ńkọ́? Irọ́ gbuu ni!

Ẹ̀yin ará, mo ti rò pé ẹnu mi ni ohun ìjà mi. Ṣé ẹ rí i, ìjókòó ló ṣe é. Kí ni wọ́n ń ṣe ní àdúgbò tiyín bí ọkọ bá ń lu ìyàwó? Ẹ kọ ọ́ fún wa. Àmọ́ kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ wo ìyá tó wà nínú ilé yín, tó ní òun ṣubú. Ṣé ẹnì kan ti bá a jókòó?