Ọjọ́ Tí Mo Wa Ọkọ̀ Tó Ń Fò ní Barking Park

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó rí fídíò rẹ̀ lórí fóònù ẹlòmíì!

Ṣadé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló ń ṣe ìpàtẹ ìtàn ilé iṣẹ́ kan tó wà létí odò wa ní Barking, ní London níbí, láyé àtijọ́. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń kan ọkọ̀ apẹja ni. Nígbà tó yá, wọ́n so apá mọ́ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ní yóò fò. Ṣé ó fò? Ó kàn sáré lórí omi títí epo fi tán ni! Ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé.

Ṣadé àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá fi pákó kan irú ọkọ̀ náà, wọ́n gbé e sórí adágún Barking Park. Kò ní ẹ́ńjìnnì o. Ṣùgbọ́n èèyàn ò wá wò ó. Ọ̀gá Ṣadé níbi iṣẹ́ ní bí èrò ò bá wá lọ́jọ́ Sunday, àwọn máa palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ọmọ náà fẹ́ẹ̀ sunkún. Ó ní, "Uncle, please, ẹ kàn jókòó sínú ẹ̀ bíi pilot."

Èmi tí mo máa ń di ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni mú nínú pléènì! Ṣùgbọ́n ṣé kí n sọ fún ọmọ pé ẹ̀rù ń bà mí ni? Nígbà tí Sunday pé, láti ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti ń ṣe wòlíì ni mo gbà dé ibẹ̀, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, agogo àdúrà lọ́wọ́.

Mo jókòó, mo ní kí n kọ́kọ́ gba àdúrà ìrìn àjò. Tí mo bá sì ń gbà á, n kì í fi nǹkankan sílẹ̀ ní dídì. Mo dijú, mo tú àmùrè mi. Mo nawọ́, mo tú okùn tó so ọkọ̀ mọ́ òpó pẹ̀lú!

Ìgbà tí mo máa lajú, mo ti wà láàárín omi. Ha! Mo lu agogo! Mo pe gbogbo áńgẹ́lì tí mo mọ orúkọ wọn! Ẹyẹ omi funfun kan, swan, wá ń wò mí bíi pé mo gba ilé rẹ̀. Èrò ya wá láti gbogbo park, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ya fídíò. Wọ́n rò pé eré ni!

Ṣadé ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ nínú omi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Uncle, calm down, jọ̀ọ́. Ẹ dìde dúró."

Dìde dúró kẹ̀? Kí n rì? Mo wá wo ọmọ náà dáadáa: orúnkún ni omi mọ ọ́n.

Ìpàtẹ náà ò ní kúrò mọ́. Àwọn èèyàn ti ń béèrè aago tí wòlíì máa fò ní Sunday tó ń bọ̀. Mo ti ní mo máa wá, ṣùgbọ́n Ṣadé ni yóò jókòó lé okùn yẹn!

Ẹ̀kọ́ tèmi: ẹ wo bí omi ṣe jìn tó kí ẹ tó pariwo. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló ti dẹ́rù bà yín rí tó wá jẹ́ pé orúnkún ló mọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí wọ́n má fi èmi nìkan rẹ́rìn-ín!